Láàárín "yà" àti "ya"

Ẹni tí ó bá ń fi tìfẹ́tìfẹ́ ṣa fọ́tò àtijọ́ jọ, tí ó ń tú àpótí àwọn ìyá àgbà, tí ó sì ń wá ọ̀nà tí ojú tí ó ti ṣá yóò fi tún hàn kedere, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa wọn ṣeré. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín "fọ́tò tí ó yà" àti "fọ́tò tí ó ya": ti ìṣáájú ni èyí tí màmá wé gèlè, tí ó sì jókòó fún níwájú ayàwòrán, èkejì ni èyí tí a fà tí ó pín sí méjì. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "yà" ti àwòrán ní, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú "ó yà á". Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn náà a bọ́ sí àárín, a ó sì wí pé "ó ya fọ́tò", níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "fọ̀": ayàwòrán a fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, a fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì tí àwọn ará ìṣáájú fi ń ya àwòrán kí fíìmù tó dé, fífọ́ ni ó ń fọ́.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fọ́tò tí ikán ti jẹ létí, àkísà ọlọ́lá ni. Bí a bá fẹ́ gbà á là, ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín àtúnṣe àti àtúnyà. Àtúnyà ni kí ayàwòrán kọ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí ògbólógbòó fọ́tò náà, kí ó yà á bí ẹni ń ya ènìyàn, kí ó tó di pé a kun ibi tí ó ṣá lórí ẹ̀dà tuntun. Lójú tèmi, òun ni ó yẹ kí ó máa ṣíwájú. Èyí tí ọ̀rinrin bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá ṣí i, ojú àwòrán ni yóò bó mọ́ gíláàsì. Bí ó ti wà nínú gíláàsì náà ni kí a tún un yà.

Ọgbọ́n àwọn ayàwòrán wa kì í ṣe ti òní. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó bá àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún jókòó, kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá ti kú kí wọ́n tó ya méjèèjì pọ̀, wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, ẹni tí ó kù a wọ aṣọ ọkùnrin yà á, a sì wọ ti obìnrin yà á.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹ yí fọ́tò padà, kí ẹ wo òǹtẹ̀ ayàwòrán. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ orúkọ síbẹ̀, nítorí tàdáwà bírò a máa là dé ojú àwòrán. Kí a má sì kọ "Màmá" lásán, nítorí ọmọ tí yóò kà á lẹ́yìn wa ní màmá tirẹ̀; orúkọ àbísọ, oríkì, ìbáà ṣe Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́, àti agboolé ni kí a kọ.