Kí Ẹ Tó Kun Ilé Lọ́dà Láti Tà Á: Àtúnṣe Wo Ló Yẹ Kó Ṣáájú?

Ká ní bàbá kan kú, ó fi ilé oníyàrá mẹ́rin sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fẹnu kò pé àwọn máa tà á, àmọ́ owó tí wọ́n rí kó jọ fún àtúnṣe ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà ní kí wọ́n kun ilé lọ́dà kó máa dán. Èyí tó tẹ̀ lé e ní táìlì ilé ìdáná ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Àbíkẹ́yìn ní òrùlé ń jò. Ta ni kí wọ́n gbọ́ tiẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ rà, àbí ilẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú. Ní àdúgbò tí ilẹ̀ ti wọ́n gan-an, bíi Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Sùúrùlérè l'Ékòó, ẹni tó fẹ́ ra ilé àtijọ́ lè ti ní in lọ́kàn pé òun máa wó o, kóun kọ́ òmíràn síbẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀dà tuntun ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ilé tí wọ́n tà ládùúgbò yín dà lẹ́yìn tí wọ́n tà wọ́n.

Ìwé náà ńkọ́? Lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Tó bá tún jẹ́ ilé ogún, oníbàárà máa fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń tà á láṣẹ láti tà á. Tí ìwé ò bá pé, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Iyèméjì ló ń jẹ owó ilé

Ní 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ọjà mọ́tò àlòkù. Ohun tó sọ ò le: ẹni tó ń tà mọ àléébù mọ́tò rẹ̀, ẹni tó ń rà ò mọ̀ ọ́n. Torí pé ẹni tó ń rà ò lè fìyàtọ̀ sáàárín èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa, ṣe ló máa fa owó gbogbo wọn wálẹ̀. Akerlof wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2001.

Bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe rí nìyẹn. Ká ní páànù mẹ́ta péré ló ń jò, tí àtúnṣe ẹ̀ ò ju ₦300,000 lọ. Àbàwọ́n omi tó wà lára sílíǹgì nìkan ni oníbàárà rí. Kò mọ̀ bóyá páànù mẹ́ta ni, àbí gbogbo igi òrùlé ló ti jẹrà. Èyí tó burú jù ló máa ṣírò, ó sì lè ní kẹ́ ẹ yọ mílíọ̀nù mẹ́ta kúrò. Páànù kọ́ ló gbé owó yẹn lọ, iyèméjì ni.

Táìlì ìdáná ńkọ́? Kò sí iyèméjì níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló rí i pé ó ti gbó, gbogbo èèyàn ló sì lè bèèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun lọ́jà. Ẹni tó máa rà á sì lè má fẹ́ràn àwọ̀ tẹ́ ẹ yàn. Nítorí náà, àbíkẹ́yìn yẹn ló tọ̀nà: àtúnṣe tó ń pa iyèméjì ló yẹ kó ṣáájú.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Gbogbo wa la mọ omi tó ń ti òkè jò. Èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ló ń ya èèyàn lẹ́nu. Àwọn ihò tín-tìn-tín pọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, omi inú ilẹ̀ sì ń gba inú wọn gòkè bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Bó ṣe ń gòkè ló ń gbé iyọ̀ ilẹ̀ dání. Tí omi bá gbẹ tán, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sára ògiri bí ìyẹ̀fun funfun, á sì máa ti ọ̀dà jáde títí á fi bó.

Tẹ́ ẹ bá kun irú ògiri bẹ́ẹ̀ lọ́dà láìwá ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ó lè má ju òjò ọdún kan lọ tí ọ̀dà á tún bó.

Ẹ lè dán èyí wò: ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi tépù lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti wá. Tó bá jẹ́ iwájú ọ̀rá ló tutù, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Tó bá wá láti inú ògiri, ẹ wo ìta: ṣé iyẹ̀pẹ̀ ti ga ju ìpìlẹ̀ lọ? Ṣé páìpù kan ń jò? Ṣé omi òrùlé ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri?

Ògiri tó lanu

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Àmọ́ ẹnu ògiri ò dọ́gba. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló sábà máa ń sún kì nígbà tó ń gbẹ. Èyí tó dagun láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tó sì ń fẹ̀ sí i, lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rì. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń wú lásìkò òjò, á sún kì lásìkò ọyẹ́, ilé á sì máa bá a mì.

Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí ẹnu náà, kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó lóṣooṣù. Tó bá ń gùn sí i, tàbí tó ti fẹ̀ tó mìlímítà 5, ẹ pe ẹnjiníà ilé, kì í ṣe ọlọ́dà.

Ẹ tún wo òpó àti bálíkónì. Tí irin inú kọnkéré bá dípẹtà, ìpẹtà yẹn máa ń gba àyè tó tó ìlọ́po méjì irin tó jẹ, ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi ń fọ́ láti inú. Tẹ́ ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀, inú ewu lẹ fi ìdílé ẹlòmíì sí.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ to owó yín

1. Ohun tó lè pa èèyàn: wáyà iná tó ti jóná, òpó tó ń fọ́, sílíǹgì tó fẹ́ já.
2. Omi: òrùlé, páìpù, ẹsẹ̀ ògiri.
3. Nǹkan kéékèèké: ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń ro, gíláàsì fèrèsé tó fọ́, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, igbó inú ọgbà.
4. Ọ̀dà, lẹ́yìn tí ògiri bá ti gbẹ dáadáa.

Ẹ ya fọ́tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, àti nígbà tó parí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Èyí tówó ò bá ká, ẹ má bò ó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ méjì kọ iye tó máa ná èèyàn sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi han oníbàárà, kẹ́ ẹ sì jọ yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Iye tó wà lórí ìwé ṣeé dúnàá dúrà lé lórí. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn oníbàárà ò ní iye.