Àwòrán Yíyà ní Etíkun Lẹ́kí

Bí a bá lo ìsinmi ní erékùṣù Bioko, tí í ṣe Fernando Po àtijọ́, òkè oníná tí ó ga ní mítà 3,011 ni yóò gba gbogbo ojú àwòrán wa. Láti Lẹ́kí dé Ajah kò sí òkè. Iyanrìn ni ilẹ̀ náà. Kùtùkùtù ni kí a yà á, nígbà tí òjìji ń fi gegele àti kòtò hàn. Ní Òkun Alfa, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, kí a dúró sí ojú kan náà lọ́dọọdún, kí igi àgbọn kan sì wà nínú àwòrán. Bí omi bá gbé igi náà lọ, a ó fi àwòrán èṣí àti ti ọdún yìí kọ́ ara pátákó, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.