Ẹ Mọ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Katapílà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà lẹ́yìn tí ewú ti gba orí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì bó bá pé ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì nígbà tí ara ṣì le, tí ilé tuntun sì ń hù bí olú káàkiri. Ẹ rí i pé kò sí ilé tí kì í ní ìpìlẹ̀, kò sì sí èyí tí kò nílò sọkàwéè, ẹ wá fẹ́ kó gbogbo owó náà lé katapílà tókunbọ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ di yín lápá mú. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ló yẹ kí ẹ rà kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀, ẹ mọ ìṣirò, kí àwọn bíríkìlà àti kọ́ńgílá sì mọ̀ yín sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Katapílà, ẹ háyà rẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ilé-Ifẹ̀ àti Adó-Èkìtì, orí àpáta àtayébáyé la kọ́lé sí. Ẹ lè gbẹ́ yangí tó rọ̀ fún mítà kan, kí bákẹ́ẹ̀tì wá kan òkúta tí kò lè họ, kí iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ní Ìkẹjà àti Ọ̀tà, ilẹ̀ pupa oníyanrìn tó jinlẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, gbígbẹ́ rẹ̀ kì í nira. Ẹ dé Lẹ́kkí, omi lẹ máa tètè kàn lásìkò òjò. Ẹ ó nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀gbẹ́ ihò á sì máa ya wọlé bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kan náà, epo kan náà, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí ẹ pè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò ló mọ ibi tí òkúta sùn sí. Ẹ lọ bá a, ẹ bi í léèrè. Ẹ yọjú wo omi kànga ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ tún padà lọ wò ó ní oṣù kejì, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí ẹ bá kọ báyìí fún ọdún kan á wúlò fún yín ju irin lọ.

Ìṣirò ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tuntun, pàápàá ìṣirò iyẹ̀pẹ̀ tí a wà jáde. Ilẹ̀ tó ti dì mọ́ra tipẹ́tipẹ́ máa ń wú tí irin bá ti tú u. Iyanrìn ń wú díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Amọ̀ lè wú tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpáta tí a fọ́ lè wú tó ìlàjì. Ẹ jẹ́ ká mú sọkàwéè tó jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀, mítà 3 ní jíjìn. Kúbíìkì mítà 27 ni ihò náà. Bí típà bá ń gbé 10, ẹni tó fojú ihò ṣírò á ní ìrìn 3 ni. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ amọ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó wà lókè ti tó bíi 34. Ìrìn 4 ni, àpò ẹni tó gba iṣẹ́ sì ni owó ìrìn kẹrin ti máa jáde. Ti ìpìlẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í sábà fẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, bẹ́ẹ̀ bákẹ́ẹ̀tì katapílà ńlá lè fẹ̀ tó mítà kan. Gbogbo ibi tí ẹ bá gbẹ́ kọjá ìlà, kankéré ni onílé máa fi dí i, kò sì ní pè yín mọ́. (Ní ti owó ọmọ onílẹ̀, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 kà á léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀rọ̀ wọn di ti onílé.)

Ẹlòmíràn á ní ẹni tó ń háyà ẹ̀rọ, ẹlẹ́rọ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, ẹlẹ́rọ lè gbówó lérí tàbí kó dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ háyà bá ṣiṣẹ́ nìkan lẹ ń sanwó rẹ̀. Èyí tó jẹ́ tiyín, tí ẹrẹ̀ bá gbòde, ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí. Bátìrì ń kú, ẹ sì ń san owó ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó ń ti òkè òkun bọ̀ lè gbé èrè oṣù púpọ̀ lọ. Ẹni ọdún 28 lè ṣubú lábẹ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kó tún dìde. Ẹni ọdún 58 kò ní àyè yẹn. Nítorí náà, ẹ bá ẹlẹ́rọ méjì dòwò pọ̀, ẹ san owó wọn lọ́jọ́ tó pé, kí ẹ sì gba ọjọ́ iṣẹ́ yín sílẹ̀ ṣáájú. Ìpìlẹ̀ kéékèèké, ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi dígà àti ṣọ́bìrì ṣiṣẹ́; ìlà wọn tilẹ̀ máa ń tọ́ jù.

Àtakò tó wúwo jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rárá. Ẹ ní bí owó bá wà ní báǹkì, ẹbí á ná an tán: ìsìnkú lónìí, owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò lọ́la, ṣùgbọ́n irin kò ṣeé gé fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìnira yẹn, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí owó fi lè jìnnà sí ọwọ́. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta bọ́ǹdì ìfowópamọ́ fún mẹ̀kúnnù, ọdún 2 tàbí 3 ló ń gbà. Ẹ fi èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀, kí ẹ fi ìyókù háyà ẹ̀rọ.

Ọjọ́ orí kì í sì í ṣe àléébù tí ẹ rò pé ó jẹ́, torí ewu inú ihò ń fẹ́ àgbà tí a ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kúbíìkì mítà iyẹ̀pẹ̀ kan wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ẹni tó bá bò dé àyà kò lè mí. Òfin Amẹ́ríkà ní ihò tó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, tí kì í ṣe inú àpáta líle, a gbọ́dọ̀ dá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ká fi nǹkan tì í, kí iyẹ̀pẹ̀ tí a wà jáde sì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí etí ihò. Ẹ fi ṣe òfin tiyín náà. Nígbà tí onílé bá ń kánjú, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún sì fẹ́ bẹ́ sínú ihò torí kó má dà bí ojo, àgbà ló lè ní kó jáde, kó sì jáde.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ ra ẹ̀rọ? Nígbà tí ìwé yín bá fi hàn pé fún odidi ọdún kan, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, owó háyà tí ẹ ń san ti ju ohun tí ẹ̀rọ tiyín á máa jẹ lọ. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó ṣì tutù. Ẹ na apá rẹ̀, ẹ gbé bákẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wò ó bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, torí àtúnṣe ibẹ̀ wọ́n gan-an. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo mítà wákàtí. Bó bá ka 4,000 péré, tí rọ́bà pẹ́dàlì sì ti jẹ dé irin, ẹ kó owó yín padà sílé.