Òjò Kì í Bá Èèyàn Nájà

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò kòkó, mo ń wò yín, inú mi sì ń dùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti rí i lórí fóònù iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan ní London, ẹ sì ti mọ lọ́rì tó ń bọ̀ lófìfo láti Oǹdó. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan: bí ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá rà kò bá dé, níbo lẹ máa kó ẹrù sí? Ẹni tí kò ní sítọ̀, iye tí olówó bá pè ló máa gbà, torí òjò kì í bá èèyàn nájà.

Àwọn àgbẹ̀ Ghana mọ èyí nígbà tí ilẹ̀ wọn ṣì ń jẹ́ Gold Coast. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn, United Africa Company sì wà níwájú wọn, fẹnu kò pé àwọn kò ní máa bá ara wọn du ọjà mọ́, kí owó tí wọ́n ń san lè wálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní kò burú, àwọn ò tà. Ó di April 1938 kí wọ́n tó gbà láti tà á, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n máa ń ròyìn ìgboyà wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń ro ti òrùlé. Ká ní kòkó yẹn kò gbẹ, ká ní ibi tí wọ́n kó o sí ń jò ni, èébu ì bá ti bá wọn parí ìjà náà kí oṣù méjì tó pé.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lápá kan. Sítọ̀ kì í ṣe ilé tẹ́tẹ́. Ní 2024, kòkó ju 10,000 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan, torí Ghana àti Côte d'Ivoire kò rí kòkó púpọ̀ ká, ẹrù tó wà nílé ìkẹ́rùsí lókè òkun náà sì ń tán lọ. Gbogbo ẹni tó ní yàrá kan tó ṣófo ló fẹ́ rọ kòkó sí i, kó dúró dè é kó tún wọ́n sí i. Ní 2025, owó náà já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ra tirẹ̀ lówó gọbọi, ẹ fọkàn ro bó ṣe rí lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tí sítọ̀ wà fún gan-an ni kó sọ díẹ̀díẹ̀ di púpọ̀. Àpò kan jẹ́ kílò 62.5, àpò 16 ló sì ń pé tọ́ọ̀nù. Kọ̀ǹténà kékeré ń gba nǹkan bí 200 àpò, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tó ń gbé àpò méjì tàbí mẹ́ta wá láti oko ló pọ̀ jù. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí ti Lágbájá àti ti Tàmẹ̀dù yóò ti pàdé, tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀kan má ba ìyókù jẹ́ kó tó dé èbúté Apapa. Wọ́n á ṣa 300 hóró, wọ́n á fi ọ̀bẹ là wọ́n gbọọrọ. Bí èyí tó bu bá ju 9 lọ, ẹ gbàgbé gíréèdì kìíní. Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó ilẹ̀ Nàìjíríà wà, ìjọba ló ń dúró ti iṣẹ́ yìí. Láti 1986 tí wọ́n ti tú Bọ́ọ̀dù ká, ẹnikẹ́ni tó bá rówó ló ń rà, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ki ọwọ́ bọnú àpò. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di òní.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹ ó sá a títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Tó bá ti kọjá 8, ó ti ń wá èébu nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé kòkó tó gbẹ tún máa ń mu omi padà láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí ẹ rà lóṣù kọkànlá tí ẹ sì gbàgbé sẹ́yìn ògiri, bí òjò April bá dé bá a níbẹ̀, kì í ṣe kòkó tí ẹ rà mọ́. Ní Amsterdam tí ilẹ̀ ti tutù, ó lè pẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ju tiwa lọ dáadáa. Nítorí náà, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ kọ ọjọ́ sára ìtòjọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé e wá. Ẹ má gbé àpò lé sìmẹ́ńtì lásán, pákó ni kó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri tí èèyàn lè gbà kọjá.

Kòkó tún máa ń fa òórùn mọ́ra. Kẹrosíìnì, ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà, ajílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì yóò tọ́ ọ wò. Ní ti hóró oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lò ó, lábẹ́ tapólì tí wọ́n dì pinpin, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn sí sítọ̀ náà tàbí sí yàrá tó fara tì í. Èyí, mi ò bá yín ṣàwàdà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba sítọ̀, ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án gangan. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ gbójú sókè. Gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lójú páànù ni omi yóò gbà wọlé. Ẹ kà wọ́n níṣojú onílé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ iye owó.