Ìtọ́jú Igi Ìdí Ìbọn Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Láti Afin-Àkókó

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè nu igi ìdí ìbọn àtijọ́, kí a sì tọ́jú rẹ̀ láìpa ìtàn tí ó wà lára rẹ̀ rẹ́. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé Ẹ̀ka Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa igi àti ìda. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń kọ́ni ní àṣà ọdẹ, àwa ni a ń kọ́ni ní ìjálá, àwa náà ni a sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé àwọn àgbà láti lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a bá rán wọn láìkọ́ wọn bí a ṣe ń fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìbàjẹ́ ni wọn yóò lọ ṣe. Èmi gan-an ti ṣe é rí.

Bàbá mi ṣe ọdẹ ní Afin-Àkókó. Nígbà tí ó kú, ìbọn ṣakabùlà kan wà ní ìyàrá rẹ̀ tí òun náà jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì, tí mo rò pé ọ̀bẹ ni ó ṣèèṣì há a. Nítorí àlejò tí ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, mo fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi sáńpépà há a, mo sì kun ún ní fáníìṣì. Ó ń dán bí àga tuntun. Nígbà tí àbúrò bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, dé, ó gbé ìbọn náà lé itan, ó sì ń fi àtàǹpàkò wá nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, mo ti há wọn kúrò." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé ẹfọ̀n àti ẹkùn tí bàbá bàbá mi pa ni ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún, òun kò sì rántí iye tí wọ́n jẹ́ mọ́. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó lè rántí.

Irin Àjèjì, Igi Ìbílẹ̀

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a máa ń gba ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù àti ọta sí. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un tọ́ka sí àwọn ará Denmark, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú ìbọn tí àwọn oníṣòwò kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ìbọn ti di ohun èlò ogun pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìró rẹ̀ ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì ń rọ tiwọn.

Ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ni pé irin a máa pẹ́ ju igi lọ. Bí igi ìdí ìbọn bá là, tàbí tí ikán bá jẹ ẹ́, oníṣẹ́ igi ìlú ni yóò gbẹ́ òmíràn sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, irin ìbọn kan lè ti òkè òkun wá kí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀bẹ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ wà. Ibẹ̀ ni awọ ẹran tí wọ́n dì mọ́ ojú tí ó là ní tútù, tí ó wá gbẹ tí ó sì fún un pinpin. Ibẹ̀ ni ìṣó idẹ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ wà, ibẹ̀ sì ni èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ ti fi òógùn dán an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá ń fi ìṣọ́ra dán irin, tí ó sì ń fi sáńpépà há igi, ohun tí a rà ni ó ń tọ́jú; ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ni ó ń sọ nù.

Kí Ni Ìdọ̀tí?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú omi àti aṣọ. Eruku, òwú aláǹtakùn, ìgbẹ́ aáyán àti ti ọmọńlé, gbogbo ìwọ̀nyí wá lẹ́yìn tí a ti pa ìbọn tì. Ìdọ̀tí ni wọ́n. Dúdú tí èéfín ilé ìdáná àti òógùn ọwọ́ fi sí i, ìlò ni ó mú un wá. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀, epo àti ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi bọ Ògún jẹ́ ti ẹbí àti ti Ògún, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní àṣẹ láti nù wọ́n kúrò láìjẹ́ pé àwọn tí ó ni ín sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò burú. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láàyè, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ìyẹn sàn ju kí ó fọ̀ ọ́ lọ.

Kí A Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀tù tí ó gbẹ kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n rọ ẹ̀tù sí láti ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì lè dún. Nítorí náà, kí ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tì bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi dúró. Wọn a sàmì sí ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, wọn a yọ ọ́, wọn a sì fi wọn ẹ̀yìn ìbọn. Bí kò bá gùn dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Kí a má ṣe gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sún mọ́ iná tàbí sìgá, kí a má sì yìn ín láti fi tú u.

Ẹ̀wẹ̀, Òfin Ìbọn ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ lórí ìbọn, títí kan ṣakabùlà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbé ìbọn kankan wá sí ilé-ìwé fún ọjọ́ àṣà, ì báà jẹ́ èyí tí kò lè dún mọ́. Àwòrán ni kí ó mú wá. Kí ó ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì ya gbogbo ìlà, ihò àti ojú tí ó là ní àyasúnmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó nu ohunkóhun.

Nínù Rẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí kò tíì kan ọ̀dà rí ni a ó fi gbá eruku kúrò, kí a máa gbá a bí igi ṣe là, kí a má dábùú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Bí eruku bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, kí a ki òwú bọ omi mímọ́, kí a fún un títí kò fi ní kán mọ́, kí a kọ́kọ́ dán an wò níbi tí kò hàn síta, kí a sì fi aṣọ gbígbẹ nu ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí àwọ̀ igi bá ń bá òwú lọ, kí a dúró.

Itọ́ ẹnu pàápàá wúlò. Àwọn tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń fi itọ́ sórí òwú láti nu ìdọ̀tí tí omi lásán kò lè mú. Ní 1990, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní ilẹ̀ Potogí tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ohun kan nínú itọ́, èyí tí ń bá wa lọ oúnjẹ ní ẹnu, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gba ẹ̀bùn ẹ̀rín-kẹ́ẹ̀kẹ́ tí ó ń jẹ́ Ig Nobel lórí rẹ̀ ní 2018. Àwọn ìyá wa tí ń fi itọ́ nu ojú ọmọ kò gba ẹ̀bùn kankan.

Ọṣẹ dúdú kò dára fún iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ dára fún ara. Omi eérú tí a fi sè é le, ó ń fa epo igi jáde, ó sì ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Omi púpọ̀ náà léwu: níbi tí igi àti irin ti pàdé, omi máa ń mú kí ìpẹtà irin bá oje igi pò, àbàwọ́n dúdú tí kò ní lọ mọ́ yóò sì hù níbẹ̀. Ní ti sáńpépà, mo ti sọ tèmi.

Epo, Òrí àti Ìda

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé igi tí ó gbẹ ń fẹ́ epo. Igi tí ó gbẹ, omi inú afẹ́fẹ́ ni ó pàdánù, epo kò sì lè dá omi padà. Epo pupa, àdín àti òrí kì í gbẹ lára igi. Wọn a máa mú eruku, wọn a máa pe èèrà àti eku, bí wọ́n bá sì kan, wọn a máa jẹ idẹ àti irin tí ó wà nítòsí. Fáníìṣì ní tirẹ̀ a máa gbẹ, ṣùgbọ́n a máa pọ́n bí ó bá pẹ́, kò sì rọrùn láti ṣí kúrò láìṣí igi mọ́ ọn.

Bí ó bá di dandan láti fi nǹkan pa igi náà, ìda ni ó sàn. Kí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i, kí a fi aṣọ rírọ̀ pa á, kí a sì tún fi aṣọ mìíràn nù ún. Ìda oyin a máa rọ̀ nínú ooru wa, a sì máa mú eruku bí ó bá pọ̀. Kí a má sì pa á sórí ẹ̀jẹ̀, ìyẹ́ tàbí awọ.

Kòkòrò àti Ibi Ìpamọ́

Nígbà tí ìbọn ń bẹ lókè ààrò, èéfín ń lé kòkòrò. Nísinsìnyí tí a ti gbé e sínú ìyàrá alábúlọ́ọ̀kù, kòkòrò ajẹgi ráàyè. Bí a bá rí ihò wẹ́wẹ́, kí a fi bébà funfun sí abẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá bọ́ sórí bébà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò ṣeé ṣe kí ó wà láàyè níbẹ̀. Kí a ya ìbọn náà sọ́tọ̀, kí a sì kàn sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀. Ó wà ní Ọ̀wọ̀ nítòsí wa, lábẹ́ àjọ tí òfin 1979 dá sílẹ̀. Wọ́n a máa fi òtútù líle pa kòkòrò. Fíríìsà ilé tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ kò lè ṣe é, nítorí bí òtútù bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kòkòrò a máa bá a mọ́ra.

Mo ti rí ilé tí wọ́n ti da Gamalin tí ó ṣẹ́kù nínú oko kòkó sí ohun àtijọ́. Oró tí ó wà nínú rẹ̀ wà lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm kà léèwọ̀ ní 2009; kì í kúrò lára igi bọ̀rọ̀, ọwọ́ ọmọ tí ó bá gbé e ni yóò sì lẹ̀ mọ́.

Ọ̀tá kejì ni ọyẹ́. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́, ní ìbú rẹ̀ ju ní òòró lọ. Irin kì í bá a wú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí igi fi máa ń là láti ẹ̀gbẹ́ ìṣó. Kí a má fi ìbọn sí oòrùn, kí a má gbé e ti ògiri tí òjò ń nà, kí a má sì dì í pa sínú ọ̀rá, nítorí omi yóò là sínú rẹ̀. Kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ lórí aṣọ funfun tí ó nípọn, níbi gíga tí ikán kò lè tètè dé, kí a sì fi aṣọ bò ó. Bí a bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ méjì.

Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè orúkọ tí àwọn ọdẹ ìlú náà ń pe ẹ̀yà ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ní Àkókó tí èdè àti ẹ̀ka-èdè pọ̀ sí, orúkọ tí yóò gbọ́ ní Ìkàrẹ́ lè yàtọ̀ sí ti Ọ̀kà tàbí ti Afin. Kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó fi orúkọ ẹni tí ó ni ìbọn, ẹni tí ó gbẹ́ ìdí rẹ̀ àti ìtumọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan kún un, kí ó sì so ẹ̀dà kan mọ́ ìbọn náà pẹ̀lú òwú.

Fáníìṣì tí mo kùn sí ìbọn bàbá mi ṣì wà lára rẹ̀. Nínú ìwé tí mo so mọ́ ọn, mo kọ ọdún tí mo há a, ohun tí mo fi há a, àti pé ìlà wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀.