Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọgbọ́n ni A Béèrè, Kì í Ṣe Àmì

Kò sí ẹni tí a ó kọ́ ní àdúrà nínú kíláàsì yìí. Kí ẹ tó mọ A, B, D ni ẹ ti ń gbàdúrà. Ẹ mọ àdúrà kí á tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ àdúrà kí ọmọ tó jáde nílé, ẹ mọ ààwẹ̀, ẹ mọ ìṣọ́ òru. Ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Jákọ́bù kọ́ wa nínú orí kìn-ín-ní ìwé rẹ̀: pé Ọlọ́run a máa fúnni ní ọgbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kì í há, kì í sì í bú ẹni tó bá wá tọrọ. A kò ní dúró lórí èyí. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ni kò yé àwọn kíláàsì tó ti kọjá, òun ni a ó sì dúró tì lónìí títí yóò fi yé wa. Bí a bá bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́ ṣe nípa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn?”, èsì wọn ni pé, “Mo ti gbé e fún Ọlọ́run, mò ń retí àmì.” Ẹlòmíràn á di ojú, á ṣí Bíbélì, ibi tí ìka rẹ̀ bá bọ́ sí ni yóò mú. Ẹlòmíràn á kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí bébà kan, á kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí èkejì, á ká wọn, á ní kí ọmọ kékeré mú ọ̀kan. Ẹlòmíràn á lọ bá wòlíì pé kó bá òun wò ó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti béèrè ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ka èyí pa pọ̀, kí á tún un kà: Ẹni tó béèrè ọgbọ́n ń béèrè ọkàn tó lè ronú dáadáa. Ẹni tó béèrè àmì ń béèrè kí ẹlòmíràn bá òun ronú.

Ọ̀gá télọ̀ mélòó ni yóò máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ọmọ náà fi máa gba fíríìdọ̀mù? Ọ̀gá rere á kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn aṣọ, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá a gé. Bí Ọlọ́run ṣe ń fúnni ní ọgbọ́n nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú kan nínú Bíbélì. Orúkọ rẹ̀ ni Gíbíónì, kò jìnnà sí Jerúsálẹ́mù. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ nípa ìlú yìí, ọdún púpọ̀ ló sì wà láàárín wọn.

Èkejì ni a ó kọ́kọ́ sọ. Ó wà nínú 1 Àwọn Ọba, orí kẹta. Sólómọ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ jọba ni, ó lọ rúbọ ní Gíbíónì. Ní òru, Ọlọ́run fara hàn án lójú àlá, ó ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Sólómọ́nì kò béèrè owó, kò béèrè ẹ̀mí gígùn, kò ní kí àwọn ọ̀tá òun kú. Ó ní ọmọdé ni òun, òun kò mọ bí a ṣe ń ṣe é, kí Ọlọ́run fún òun ní ọkàn tó ń gbọ́, tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rere àti búburú. Inú Ọlọ́run dùn sí i.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Obìnrin méjì dé. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, àwọn méjèèjì bímọ, ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín ìbí wọn. Ọ̀kan sùn lé ọmọ tirẹ̀ lórí ní òru, ọmọ náà kú. Èyí tó kù láàyè, ìyá méjèèjì ní tàwọn ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà, kò sí ẹlẹ́rìí.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Kò sí áńgẹ́lì tó sọ̀kalẹ̀ wá sọ ọ́ sí Sólómọ́nì létí pé, “Obìnrin apá ọ̀tún ni.” Kò sí àlá lọ́jọ́ yẹn. Ọba kò ṣẹ́ kèké. Kí ló ṣe? Ó gbọ́ ẹjọ́ ti ọ̀kan, ó gbọ́ ti èkejì. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún ohun tí àwọn méjèèjì wí sọ, kó lè dájú pé òun gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú idà wá, kí wọ́n pín ọmọ náà sí méjì. Ó ń wo ojú wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, tó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà fún èkejì kó má bàa kú, òun ni ìyá ọmọ.

Ó gbọ́, ó tún un sọ, ó dán an wò. Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún un ní Gíbíónì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Orí ara rẹ̀ àti etí ara rẹ̀ ni ọgbọ́n náà gbà ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Tíṣà, ṣé Ọlọ́run kì í fi àlá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni?” Ojú àlá kúkú ni Sólómọ́nì ti béèrè, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí Ọlọ́run lè ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni Ọlọ́run fún un nínú àlá náà? Kò fún un ní ìdáhùn ẹjọ́ kankan. Ọkàn tó ń gbọ́ ló fún un. Ẹ tún un kà: ọkàn tó ń gbọ́.

Ó wá ku àwọn tó wà ní òdìkejì. Àwọn yìí mọ nǹkan yẹ̀ wò, wọ́n mọ ìṣirò, ojú wọn là, ṣùgbọ́n wọn kì í bi Ọlọ́run. Ìtàn Gíbíónì àkọ́kọ́ wà fún wọn, nínú Jóṣúà, orí kẹsàn-án. Àwọn ará Gíbíónì gbọ́ pé Ísírẹ́lì ń ṣẹ́gun kiri, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ àkísà, wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ti lẹ̀, wọ́n di àpò ògbólógbòó ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n kó búrẹ́dì tó ti gbẹ tó sì ti bu dání. Wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá, kí Ísírẹ́lì bá àwọn dá májẹ̀mú. Àwọn aṣáájú Ísírẹ́lì yẹ oúnjẹ náà wò. Wọ́n rí i pé ó ti bu lóòótọ́. Wọn kò bi Ọlọ́run, wọ́n búra. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ pé aládùúgbò wọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ìbúra ti jáde lẹ́nu, wọn kò lè yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọba márùn-ún kóra jọ láti bá Gíbíónì jà, àfi bí Jóṣúà ṣe kó ọmọ ogun rẹ̀, tó rìn láti ilẹ̀ ṣú títí ilẹ̀ fi mọ́, tó lọ gbèjà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe onídùúró fún ẹni tó sá lọ rí, ẹ mọ ìrìn òru yẹn.

Ìlú kan náà. Ẹnì kan béèrè ọgbọ́n níbẹ̀, ó sì lo orí rẹ̀. Àwọn kan fi ojú yẹ búrẹ́dì àwọn ará ibẹ̀ wò, wọn kò béèrè. Béèrè, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Méjèèjì ni. Nehemáyà gbàdúrà nítorí àwọn ọ̀tá odi Jerúsálẹ́mù, ó sì yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ odi náà tọ̀sán-tòru.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ọjà, torí ọ̀rọ̀ owó ló ń da oorun ọ̀pọ̀ yín láàmú. Ká ní ata àti tòmátì ni ẹ ń tà. Òṣìṣẹ́ ilé owó kéékèèké kan wá bá yín nípa owó yíyá tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbómúlélántà. Ó ní àwọn á yá yín ní ₦100,000, ẹ ó sì máa san ₦5,500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Ó ní àwọn á kọ́kọ́ mú ₦10,000 sílẹ̀ níbẹ̀ bí owó ìfipamọ́ yín, tí wọn yóò dá padà tí ẹ bá san tán. Inú ẹgbẹ́ ni ẹ ó wà: bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ san, àwọn yòókù á dá a.

Ẹ gbàdúrà. Ẹ béèrè ọgbọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò.

₦5,500 lọ́nà 24 jẹ́ ₦132,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦32,000. Owó tó sì wọ̀ yín lọ́wọ́ gan-an jẹ́ ₦90,000, kì í ṣe ₦100,000. Ká ní èrè tòmátì yín jẹ́ ₦8,000 lọ́sẹ̀, tí ilé sì ń jẹ ₦5,000 nínú rẹ̀, ₦3,000 ló kù. Níbo ni ₦2,500 tó kù yóò ti wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé owó tuntun yìí á mú èrè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni sísan á bẹ̀rẹ̀, tí tòmátì kan sì lè rà kó tó dé ọjà?

Ẹ ṣe bíi ti Sólómọ́nì. Ẹ gbọ́ ti òṣìṣẹ́ ilé owó, kí ẹ tún gbọ́ ti ẹni tó ti yá a tó sì ti san án tán. Ẹ tún un sọ: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ kà á fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, kí ẹ rí i bóyá ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì yé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Kí ẹ tó yá owó kankan, ẹ máa ya ₦5,500 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹni pé ẹ ti jẹ gbèsè náà. Bí ẹ bá bù nínú rẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdáhùn ti dé, ẹ kò nílò wòlíì. Bí ẹ bá sì ṣe é títí dé òpin, ₦22,000 tiyín ti wà nílẹ̀ tí kò ní èlé.

Ẹnì kan bi mí rí pé, “Bó bá jẹ́ ìṣirò náà ni, kí ni àdúrà wá fún?” Ìbéèrè gidi ni. Àdúrà ló ń tún ojú tí a fi ń wo ìṣirò ṣe. Ẹni tí ojú kòkòrò bá ń dà láàmú á rí ₦32,000, á ní kékeré ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà yóò rí owó tó lè san, á ní òun kò lè san án. Ẹni tó ń bá orogún tàbí aládùúgbò díje kò tiẹ̀ ní ṣírò rárá. Ìkánjú náà ń bẹ níbẹ̀, a kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ sọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún Ọlọ́run pẹ̀lú orúkọ wọn, kí ó mú wọn kúrò lọ́kàn yín, kí ẹ lè rí iye owó bó ṣe rí.

Jákọ́bù tún kọ́ wa nínú orí kẹta pé ọgbọ́n tó ti òkè wá mọ́, kò sì ní àgàbàgebè. Nítorí náà, bí gbígba owó náà bá gba pé kí ẹ yá ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn fi han òṣìṣẹ́ ilé owó bíi tiyín, bí ó bá gba pé kí ẹ fi orúkọ àbúrò yín gba owó kejì, ẹ má gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí àwọn ará Gíbíónì fi bàtà tí a lẹ̀ ṣe náà ni.

Ẹ má sì rò pé gbígba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ènìyàn jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ọlọ́run ń bá Mósè sọ̀rọ̀ lójúkojú, síbẹ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀, Jẹ́tírò, ló rí i pé ẹjọ́ tó ń dá láti àárọ̀ dalẹ́ á pa á, tó ní kó yan àwọn tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Mósè gbọ́, ó sì ṣe é. Ó wà nínú Ẹ́kísódù, orí kejìdínlógún. Ẹni tí ẹ ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kò ní láti jẹ́ ẹni ìjọ yín. Kó ṣáà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tí kò sì ní èrè kankan nínú ohun tí ẹ bá pinnu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Bí ó bá gba wákàtí kan, ẹ jókòó kà á. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dà tiyín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fún wọn hàn yín, torí báńkì yẹn ló ń fún àwọn ilé owó kéékèèké láṣẹ. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san. Ẹni tó bá ń bínú nítorí pé ẹ fẹ́ ka ìwé ti sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ da gbólóhùn yìí kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Ẹni tó béèrè ọgbọ́n ń béèrè ọkàn tó lè ronú dáadáa.

Wọ́n fẹ́ yá obìnrin kan tó ń din àkàrà ní ₦60,000. Yóò máa san ₦3,300 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, wọn yóò sì kọ́kọ́ mú ₦6,000 sílẹ̀. Èló ni yóò san lápapọ̀? Èló ni èlé? Èló ló máa wọ̀ ọ́ lọ́wọ́?

Ẹ kọ ohun kan tí ẹ fẹ́ pinnu lóṣù yìí, kí ẹ kọ orúkọ ẹni méjì tí ẹ ó bi léèrè, àti ọ̀nà kan tí ẹ ó fi dán an wò kí ẹ tó ṣe é. Ẹ mú un wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ní ìwé owó-yíyá nílé tí kò tíì kà á, kó mú un dání. A ó jọ kà á ní ìlà dé ìlà.