Ní ti Ẹ̀rọ tí ń Ya Àwòrán Inú Ara

Láàárín wa ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, dókítà a máa kọ ìwé lé aláìsàn lọ́wọ́ pé kí ó lọ ya àwòrán inú ara. Ẹlòmíràn a gba ìwé náà, a fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí, a sì jókòó sí ilé. Owó a máa dí àwọn kan lọ́nà, lóòótọ́; ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rù ni. Àwa kò fi ẹ̀rù náà ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ohun tí ó dé bá ni lójijì ní ń bani lẹ́rù ju èyí tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán kan tí ń la ẹran ara kọjá, tí egungun sì ń dènà rẹ̀. Ó ya àwòrán ọwọ́ aya rẹ̀, egungun ìka àti òrùka sì hàn. Ìtàn sọ pé ẹ̀rù ba obìnrin náà, ó ní òun ti rí ikú òun. Nítorí náà kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Ìtànṣán yìí náà ni a fi ń ya X-ray títí di òní. Ti àyà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìwọ̀n ìtànṣán rẹ̀ sì kéré. Ti ẹ̀rọ CT pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ni dókítà ṣe ń rò ó wò kí ó tó pàṣẹ rẹ̀. Kí obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lóyún, má ṣe dákẹ́. Èyí tí a fi ń wo ọmọ inú oyún, ohùn lásán ni ó ń lò.

MRI ni ó ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní irú ìtànṣán yẹn rárá. Òòfà ńlá ni. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń lu irin, a sì máa ń fún aláìsàn ní ohun tí yóò fi dí etí. Ó lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú 20 títí dé wákàtí kan. Bí aláìsàn bá mira, àwòrán a dàrú, a ó sì tún un yà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń mú kí ó pẹ́ sí i. Kí ó dijú kí a tó tì í wọlé. Kí ó bèèrè bí yóò ṣe pe òṣìṣẹ́ bí ara rẹ̀ kò bá lélẹ̀. Kí ó bọ́ aago àti irin irun sílẹ̀. Bí irin tàbí ẹ̀rọ tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ bá wà nínú ara rẹ̀, kí ó sọ ọ́ ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹni tí ń ti Mowe lọ sí Ṣágámù, tàbí tí ń ti Ifo lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó jí ní kùtùkùtù. Ẹni tí ó fi ìkánjú dé ibẹ̀ ti bẹ̀rù kí ó tó rí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí a kì í sọ jáde: kí ni wọn yóò rí? Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fi àrùn tí ó bá fi hàn sí ara ẹni. Bí ẹni tí ó ya àwòrán kò bá sì sọ nǹkan kan, ẹ má ṣe rò pé ó rí ohun búburú. Iṣẹ́ dókítà ni láti ka àwòrán náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èsì yóò ti wá.